Ẹja tuntun márùn-ún, ọjọ́ 37

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ bá ra ẹja tuntun fún táńkì gíláàsì yín, ẹ má dà á mọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó ti wù kó lẹ́wà tó. Bó ti wù kí ẹni tó tà á fún yín búra tó. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ná. Mo mọ̀ pé ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí náà gùn, torí náà ẹ wá ibi jókòó sí, kí ẹ bá mi kà á lọ.

2/
Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Mọ́mì mi ń ṣe irun ní Lawanson, ní Surulere níbí. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù padà lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, wọ́n ra táńkì gíláàsì kan, lítà 200, wọ́n gbé e síwájú àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí. Goldfish mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀ láti ìgbà yẹn. Èyí tó dàgbà jù, ara ẹ̀ funfun báláú, orí nìkan ló pupa, bíi fìlà pupa àwọn olóyè Ìgbò. Olóyè náà la sì ń pè é.

3/
Ẹ má fojú kéré Olóyè o. Ọmọ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí òun, ẹ ṣáà gbé e jókòó síwájú Olóyè, ẹ máa di ṣùkú fún un tán láìgbọ́ igbe kankan. Àwọn oníbàárà kan ń ti Ìtirẹ́ wá, wọ́n ń kọjá ṣọ́ọ̀bù irun mẹ́fà lójú ọ̀nà, torí pé ọmọ wọn fẹ́ rí ẹja. Nítorí náà, nígbà tí Mọ́mì gbé ọ̀rá kan wọlé lálẹ́ Sátidé, tí mo rí goldfish kékeré márùn-ún nínú ẹ̀, ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Olóyè. Mọ́mì ní kí n dà wọ́n sínú táńkì lọ́jọ́ kejì, torí ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ṣọ́ọ̀bù pé ọdún mẹ́wàá, àwọn sì fẹ́ kí táńkì kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà.

4/
Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun, wọ́n dára gan-an. Àmọ́ wọn ò ní dé ṣọ́ọ̀bù báyìí o. Yàrá mi ni wọ́n máa wà fún oṣù kan."
"Oṣù kan kẹ̀? Kí ni wọ́n ṣe?"
"Wọn ò ṣe nǹkan kan, mà."
"Ṣé o rí àìsàn lára wọn ni?"
"Mi ò tíì rí i."
"Kí ló wá dé?"
Ìbéèrè yẹn gan-an ló gbé mi dé ibí. Ẹja tí kò ní àmì àìsàn kankan lára, kí ló dé tí wọ́n á fi tì í mọ́lé?

5/
Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Mainland, ẹ mọ ìdáhùn ẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Dókítà Stella Adadevoh kò jẹ́ kó jáde ní ọsibítù, òun náà sì kó o, ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ọ̀dọ̀ wa ní Yaba, ní IDH, ni wọ́n ti wo àwọn tó kó àrùn náà ní Èkó. Èèyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: èèyàn 894 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọ́n fara kan aláìsàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ara wọn le koko. Síbẹ̀ ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ bá wọn nílé, wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná tó. Àpapọ̀ ìbẹ̀wò yẹn tó nǹkan bí 18,500.

6/
Nítorí náà, ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Kì í tiẹ̀ ṣe fún aláìsàn nìkan. Ẹni tí a ò tíì mọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní ọdún 1377, ìlú Ragusa, tí wọ́n ń pè ní Dubrovnik lónìí, ṣòfin pé kí ẹni tó bá ti ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn wà bọ̀ dúró sí ẹ̀yìn ìlú fún ọjọ́ 30 kó tó wọlé. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ 40. Ogójì yẹn, ní èdè àwọn ará Ítálì, ni òyìnbó ti rí orúkọ tó ń jẹ́ quarantine. Àrùn ń fara pamọ́. Ọjọ́ ló ń tú u síta.

7/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ yàrá mi. Ohun tí mo lò ò pọ̀. Ike ńlá kan tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n ń kó aṣọ sí, lítà 60, kí n lè máa rí ẹja láti ẹ̀gbẹ́. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo iná, tó tún ń lo bátìrì. Àwọ̀n tiẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, tówẹ̀lì tiẹ̀. Aṣọ dúdú kan tí mo ta bo ẹ̀yìn ike kí ẹ̀rù má baà máa bà wọ́n. Àti fóòmù kan tí mo yọ nínú táńkì ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má rẹ́rìn-ín fóòmù yẹn. Òun lọ̀gá gbogbo wọn.

8/
Ẹja ń yọ ìdọ̀tí kan jáde tó ń jẹ́ amóníà. Ibi tó fi ń mí lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló máa ń gbà jáde jù. Nínú odò, omi á gbé e lọ. Nínú ike, kò síbi tó ń lọ, ẹja á máa mí ìdọ̀tí ara ẹ̀. Ohun tó ń kó wọn yọ ni àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí tó ń gbé inú fóòmù. Àwọn kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà ṣì léwu. Àwọn mìíràn ń sọ náítíráìtì di náítírétì, tí ẹja lè fara dà tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi. Nínú omi tuntun, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò yìí tó gbilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fóòmù kejì fi máa ń wà nínú táńkì Mọ́mì nígbà gbogbo, tó ń dúró de irú ọjọ́ báyìí.

9/
Òfin kan ṣoṣo ló wà: nǹkan lè ti ṣọ́ọ̀bù wá sí yàrá, àmọ́ kò sí nǹkan tó gbọ́dọ̀ ti yàrá padà sí ṣọ́ọ̀bù. Fóòmù yẹn, ó dágbére nìyẹn. Àwọ̀n tó tutù, ọwọ́ tó tutù, ẹ̀kán omi kan péré, àrùn lè gun un bí ọ̀kadà. Mo ń fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ kí n tó lọ fún Olóyè lóúnjẹ. Àbúrò mi ní mo ti ya wèrè. Mo ní kó ṣáà má fọwọ́ kan ike mi.

10/
Ọ̀rọ̀ ọ̀rá tí ẹja bá dé. Bí ẹja ṣe ń mí nínú ọ̀rá, ó ń tú carbon dioxide sínú omi, ìyẹn sì ń sọ omi náà di kíkan díẹ̀. Omi kíkan kì í jẹ́ kí amóníà lágbára. Àmọ́ gbàrà tí ẹ bá tú ọ̀rá, carbon dioxide á fò lọ, gbogbo amóníà tó ti ń kó jọ látàárọ̀ á wá di májèlé gidi. Nítorí náà, mo gbé ọ̀rá náà lé orí omi bó ṣe wà ní dídì fún ogún ìṣẹ́jú, kí omi méjèèjì lè gbóná bákan náà. Lẹ́yìn náà, mo tú u, mo fi àwọ̀n kó ẹja kíákíá, mo sì da omi ọ̀rá nù. Kò sí ẹ̀kán kan nínú ẹ̀ tó wọ inú ike mi.

11/
Omi tiwa, omi bọ̀hóò ni. Kò ní kílóríìnì nínú, ìyẹn dáa. Àmọ́ omi ilẹ̀ Èkó sábà máa ń kan, irin sì máa ń wà nínú ẹ̀. Ẹ á pọn ọ́n, á mọ́ lóló. Tó bá di ọjọ́ kejì, á pọ́n bíi tíì. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilẹ̀ jáde kì í sì í ní afẹ́fẹ́ tó pọ̀ nínú. Mo máa ń da tèmi sínú dúrọ́ọ̀mù, mo máa ń fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i di ọjọ́ kejì, kí n tó bu èyí tó mọ́ lókè. Tó bá jẹ́ ọwọ́ mẹ́ruwà lẹ ti ń ra omi, tí ẹ ò mọ ibi tó ti pọn ọ́n, ẹ ṣe bákan náà. Tí kílóríìnì bá wà níbẹ̀, á fò lọ.

12/
Ọjọ́ kìíní lọ wẹ́rẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo ẹ̀ yí padà. Márààrún lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ike, wọ́n ká lẹbẹ mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú. Méjì ń gòkè wá, wọ́n ń gbé ẹnu sójú omi bí ẹni tó ń wá èémí. Èyí tí ìrù ẹ̀ dúdú kọ oúnjẹ. Ẹ mọ̀ mí fún irun àti oúnjẹ, àmọ́ ohun tó wà níwájú mi ni mo máa ń yà, torí náà mo ya fídíò wọn, mo gbé e síbí. Ẹ sì dáhùn o! Ìdáhùn ju ti jọ̀lọ́ọ̀fù lọ.

13/
Ẹnì kan ní kí n tú kápúsù tetracycline méjì sí i. Ẹlòmíì ní ampiclox. Ẹnì kan ní omi ewúro. Ẹnì kan ní oògùn aláwọ̀ búlúù kan wà tó ń wo gbogbo ẹ̀. Ẹnì kan ní ayé ló ń ṣe é. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ẹ ṣeun. Àmọ́ mo ka ìdáhùn bí igba, ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí pé, "Báwo lomi ẹ̀ ṣe rí?" Ọ̀gbẹ́ni yẹn, mo rí ẹ o.

14/
Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Yorùbá tí mo fẹ́ràn. Tí dókítà bá ń tọ́jú èèyàn, a máa ń sọ pé ó ń wò ó. Ilé ìwòsàn: ibi tí wọ́n ti ń wò ẹ́ títí tó o fi sàn. Wíwò tí à ń fi ojú ṣe àti wíwò tí à ń fi oògùn ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ti ojú ló sì ṣáájú. Tetracycline tí ẹ ní kí n dà síbẹ̀, bakitéríà ló ń bá jà. Ṣé bakitéríà ló ń ṣe ẹja yìí? Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Ohun tó dájú ni pé ó lè pa àwọn kòkòrò rere inú fóòmù mi, amóníà á sì gòkè sí i. Ẹ á fi oògùn ṣe àìsàn tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

15/
Mo gbé ohun èlò tí wọ́n fi ń dán omi wò. Ẹ á bu omi sínú ìgò kékeré, ẹ á kán oògùn ẹ̀ sí i, ẹ á fi àwọ̀ tó bá yọ wé káàdì. Tí kò bá sí amóníà, yẹ́lò ni. Tèmi di àwọ̀ ewé: míligíráàmù kan nínú lítà kan. Ìyẹn ti tó láti jẹ́ kí ẹja máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo pààrọ̀ lítà 20 lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tún pààrọ̀ lítà 20 láàárọ̀. Mi ò fún wọn lóúnjẹ fún odidi ọjọ́ kan, torí oúnjẹ tó wọlé ló ń di amóníà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, mẹ́rin nínú wọn ti tú lẹbẹ wọn ká. Oògùn kankan ò wọbẹ̀. Omi ló ń ṣàìsàn.

16/
Lọ́jọ́ kẹta náà, ẹnì kan tó ń ta oògùn ẹja ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ó ní kí n ya fídíò pé oògùn òun ló wo ẹja mi sàn, òun á fún mi ní ₦60,000. Mo bi í pé kí ló wà nínú ẹ̀. Ó ní àṣírí iṣẹ́ òun ni. Kò sí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà àfi àwòrán ẹja tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará, ₦60,000 kì í ṣe owó kékeré fún èmi tí owó dátà ń jẹ lára. Àmọ́ ẹni tó bá tẹ̀ lé mi dé ìdí ìgò yẹn, ẹja tiẹ̀ ló máa kú, tèmi kọ́. Mo ní rárá, ẹ ṣeun.

17/
Mo rò pé ó ti parí. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo rí i: àmì funfun mẹ́ta ní ìrù èyí tí ìrù ẹ̀ dúdú, bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti di bíi mẹ́wàá, ẹlòmíì sì ń fi ara ha ẹ̀gbẹ́ ike. Mo mọ èyí. Ich ni wọ́n ń pè é. Kòkòrò kan ni, ó ń gbé lábẹ́ awọ ẹja bí afòmọ́ lára igi. Ẹ fọkàn sí i pé ọjọ́ karùn-ún ni. Ká ní mo gbọ́ ti Mọ́mì, inú táńkì Olóyè ni ì bá ti yọjú.

18/
Bó ṣe ń ṣe nìyí. Nígbà tó bá wà lábẹ́ awọ, oògùn kankan ò lè tó o. Tó bá yó, á já bọ́, á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, á pín ara ẹ̀ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Àwọn ọmọ yẹn á wá máa lúwẹ̀ẹ́ kiri, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹja láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á kú. Ìgbà tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ yẹn nìkan lọwọ́ lè bà wọ́n. Nítorí náà, tí àmì bá kúrò lára ẹja, kò túmọ̀ sí pé ó ti san. Ó lè jẹ́ pé wọ́n lọ bímọ ni. Nínú omi tútù ìlú òyìnbó, àyípoyípo yìí máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nínú omi tó móoru bíi tiwa, kì í tó ọ̀sẹ̀ kan.

19/
Mo lọ bá bàbá kan tó ń sin ẹja àrọ̀ sẹ́yìn ilé wọn ní Mushin. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fi fídíò hàn wọ́n. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ṣáà ń wò ó, wọ́n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ẹja àrọ̀ ní ohun tó fi ń gba afẹ́fẹ́ lókè, ó lè fara da omi burúkú. Tìrẹ yìí ò ní in. Má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọn dúró o, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iyọ̀ ló kàn. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o fi sí i." Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Wọ́n ní, "Lọ máa wò wọ́n."

20/
Iyọ̀ o. Gíráàmù mẹ́ta fún lítà kan, ìyẹn gíráàmù 180 fún lítà 60 tèmi. Mo fi òṣùwọ̀n tí Mọ́mì fi ń wọn àwọ̀ irun wọ̀n ọ́n, mo pín in sí mẹ́ta, mo yọ́ ọ sínú omi kí n tó dà á, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan àtààbọ̀. Tí mo bá pààrọ̀ lítà 20, gíráàmù 60 ni mo fi ń rọ́pò èyí tó bá a lọ. Goldfish lè fara dà á, àwọn kòkòrò kékeré tó ń lúwẹ̀ẹ́ yẹn ni kò lè fara dà á. Kí ẹnikẹ́ni má sì rántí iyọ̀ ọdún 2014 o, àárọ̀ tí gbogbo Èkó ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ torí Ebola. Iyọ̀ yẹn ò wo nǹkan kan, àwọn tó mu ún ní àmujù tiẹ̀ kú. Iyọ̀ kan náà ni. Àìsàn tí wọ́n fi wò ló yàtọ̀.

21/
Lálẹ́ ọjọ́ keje, tiransífọ́mà àdúgbò wa bú gbàù. Iná lọ fún wákàtí mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹja. Omi tó wà ní 20°C lè gba míligíráàmù ọ́síjìn mẹ́sàn-án nínú lítà kan. Ní 30°C, bí yàrá mi ṣe máa ń rí, 7.5 ló lè gbà. Goldfish, ẹja omi tútù ni. Ẹja tí kòkòrò ti ń jẹ ibi tó fi ń mí, nínú omi gbígbóná, láìsí pọ́ǹpù, kò ní pẹ́ rárá. Bátìrì gbé e dé aago mẹ́ta òru. Lẹ́yìn náà, èmi àti àbúrò mi, ẹni tó ní mo ti ya wèrè, ń fi kọ́ọ̀pù bu omi sókè, a ń dà á padà, ní ẹsẹẹsẹ, títí ilẹ̀ fi mọ́. A ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìró omi nìkan là ń gbọ́.

22/
Èyí tí ìrù ẹ̀ dúdú kú lọ́jọ́ kẹjọ, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Iná ti dé nígbà yẹn, afẹ́fẹ́ ń wọlé, iyọ̀ ti pé. Gbogbo nǹkan tó yẹ kó wà ló wà. Ó ṣáà kú ni. Mo ń sọ ọ́ fún yín torí pé ọ̀pọ̀ fídíò ẹja tí ẹ máa rí, ṣe ni gbogbo wọn máa ń yè. Ti ayé kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè wo nǹkan dáadáa kó ṣì kú mọ́ yín lọ́wọ́. Mo sin ín sídìí igi máńgò ẹ̀yìnkùlé, mo fọ ọwọ́, mo padà wá ka àmì ara àwọn mẹ́rin tó kù.

23/
Àmì ìkẹyìn kúrò lọ́jọ́ kẹsàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, Mọ́mì wọ yàrá mi. Wọ́n rí mẹ́rin tó ń sáré kiri, ara wọn ń dán. Wọ́n fi oríkì pè mí. Ẹ mọ̀ pé tí Mọ́mì bá fi oríkì pe èèyàn, nǹkan wà níbẹ̀.
"Àbẹ̀kẹ́ mi, wọ́n mà ti yá. Kó wọn fún mi. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù."
"Mọ́mì, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 28, àná ni mo fi ṣe òdo."
"Láti ìbẹ̀rẹ̀?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lọ́dún 2014, lẹ́yìn tí ara ẹni ìkẹyìn yá, ọjọ́ 42 ni wọ́n tún fi dúró kí wọ́n tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Ìlọ́po méjì ọjọ́ 21 ni."
Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Wọn ò fèsì.

24/
Nígbà tó ṣe, wọ́n bi mí pé, "Olóyè lè kó o?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Á sì pa á?" Mo ní ó lè pa á. Mọ́mì wo ike yẹn fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ọdún mẹ́wàá ṣọ́ọ̀bù, ìwé ìpè ti jáde, wọ́n sì ti sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹja tuntun ń bọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ó dáa. Àmọ́ ìwọ lo máa ṣàlàyé fún wọn." Mo ní kò sí wàhálà, iṣẹ́ mi kúkú ni. Mo ya fídíò àwọn mẹ́rin náà, mo fi sórí tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ayẹyẹ, mo kọ sí i pé: "Àlejò ń bọ̀. Wọ́n ṣì ń sinmi." Àwọn ọmọdé wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo Olóyè, wọ́n jẹ kéèkì. Kò sẹ́ni tó bínú.

25/
Mo fi iyọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àmì ìkẹyìn, lẹ́yìn náà ni mo ń fi omi lásán pààrọ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Ọ̀sẹ̀ tó kù, kò sí ìtàn nínú wọn. Oúnjẹ díẹ̀ láàárọ̀, omi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí àga. Lọ́jọ́ 37, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ táńkì Mọ́mì ní Lawanson. Olóyè yí wọn ká lẹ́ẹ̀kan, ó padà síbi oúnjẹ ẹ̀. Mo da fóòmù nù, mo fi bílíìṣì fọ ike àti àwọ̀n, mo sá wọn sóòrùn títí wọ́n fi gbẹ táútáú.

26/
Fún ẹni tó fẹ́ gé e mú lọ:
• Ẹja tuntun, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́tọ̀, pẹ̀lú àwọ̀n àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀. Tí àìsàn bá yọjú, ẹ tún un kà láti ọjọ́ tí àmì ìkẹyìn lọ.
• Ẹ fi fóòmù kan sínú táńkì yín láti ìsinsìnyí, kó máa múra sílẹ̀.
• Tí ẹja bá ṣe bákan, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́ta ẹ̀, ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan.
• Pọ́ǹpù tó ń lo bátìrì ṣáájú oògùn èyíkéyìí. Èkó la wà.
• Tí ẹ ò bá mọ orúkọ àìsàn náà, ẹ ò tíì mọ oògùn ẹ̀ nìyẹn.

27/
Àwọn àgbà ní tí a bá fi sùúrù pa èèrà, a máa rí ìfun ẹ̀. Tí ẹja yín bá ń ṣe bákan lálẹ́ yìí, ẹ má tíì sáré lọ sí kẹ́mísì. Ẹ gbé àga síwájú ẹ̀, ẹ fi fóònù sílẹ̀, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Báwo ló ṣe ń mí? Ṣé lẹbẹ ẹ̀ tú ká? Ṣé ó ń ha ara? Kí ló yàgbẹ́? Ẹ wá kọ ohun tí ẹ rí sísàlẹ̀ níbí, kì í ṣe ohun tí ẹ rò o, ohun tí ẹ rí. Mo máa dá yín lóhùn níkọ̀ọ̀kan. Ẹ sì bá mi pín in dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹja.